Ọmọ Tó Yíjú Padà Lórí Afárá

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

A kí ọ o, èmi àti ìyá rẹ. A kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, a kí ọ kú ìrìn àjò, a sì kí ọ kú àìsùn, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó ń kàwé kì í sùn tó. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ń jẹun lásìkò? Ṣé ẹsẹ̀ tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Bí mo bá ní kí n bèèrè gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wa, ìwé yìí kò ní gbà á, nítorí náà jẹ́ kí n gbàdúrà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run tó mú ọ jáde nílé wa tọwọ́ tẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí ohunkóhun já ọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wá ọ fún ire ni yóò rí ọ. Ẹni tó bá ń wá ọ fún ibi, ilẹ̀kùn tí yóò kàn kò ní jẹ́ tìrẹ. Àmín.

Àlàáfíà la wà nílé. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ìyẹn dí òun lọ́wọ́, ó ń jókòó nídìí máṣíìnì rẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi ń wọ̀, ó ń rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, ó sì ti jẹ kọ́tìnnì yàrá rẹ, èyí tó ní òdòdó lára, kí inú má bí ọ, ìyá rẹ ti ń wá aṣọ tó jọ ọ́. Èmi náà wà nídìí pákó mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, wọ́n ní ó ń ṣí láìdún, ó sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí aláìsàn kò fẹ́ ariwo.

Ìwọ á máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo jókòó kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, a pè ọ́ títí. Ìgbàkígbà tí a bá ti pè, obìnrin kan ló ń gbà á, á ní o kò sí nítòsí. Ìyá rẹ kí i dáadáa, ó bi í léèrè ilé àti àwọn ọmọ rẹ̀, kò dáhùn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ, mo bẹ obìnrin náà pé bí o bá dé kó sọ fún ọ pé àwọn òbí rẹ ń wá ọ. Ó tún ní o kò sí nítòsí, ó wá já a mọ́ mi létí. Ìyá rẹ ní bóyá òun lẹ jọ ń gbé yàrá. Mo ní bó bá jẹ́ òun ni, kí o wá ẹlòmíràn bá gbé, nítorí ẹni tí kì í jẹ́ kí ìyá bá ọmọ sọ̀rọ̀, kò ní jẹ́ kí ọmọ náà rímú mí. Ọmọ àbúrò ìyá rẹ tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Wáyà, sọ pé kì í ṣe èèyàn, pé ẹ̀rọ ni. Mo bi í pé ẹ̀rọ wo ló máa mọ̀ pé o kò sí nítòsí bí kò bá kọ́kọ́ jáde lọ wò.

Wáyà yìí náà ló mú ìròyìn tó gbé mi kúrò nílé wá.

O rántí pé nígbà tí o wálé gbẹ̀yìn, o sọ fún wa pé ìdíje kan wà tó ń lọ láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan dé òmíràn, pé wọ́n ń fi tírélà gígùn kó kọ̀ǹpútà kiri, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú rẹ̀ wọ́n á máa figagbága nínú géèmù, àti pé o wà lára àwọn márùn-ún tí ilé ẹ̀kọ́ yín yàn. N kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mo ń fá pákó mi lọ. Kì í ṣe pé inú mi kò dùn. N kò mọ ohun tó yẹ kí ẹni tí inú rẹ̀ dùn sọ nípa ohun tí kò yé e ni.

Àfi bí Wáyà ṣe wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó di fóònù mú, tí ojú rẹ̀ kò dára. Ó ní ìròyìn ìdíje yín ti jáde. Ó kà á sí wa létí pé wọ́n ti lé ikọ̀ ilé ẹ̀kọ́ yín jáde, pé ọmọbìnrin tó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn ló kú, àti pé ìwọ ni ọmọbìnrin náà. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Wáyà sáré ṣàlàyé pé ikú ibẹ̀ kì í ṣe ikú, pé o ti jí kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni mu omi. Ìyá rẹ bi í pé ṣé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é. Wáyà rẹ́rìn-ín, èmi kò rín. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ọmọ mi ti jí, a dúpẹ́, ká fi ìyẹn sílẹ̀, kó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ lílé jáde fún mi. Ó ní ó túmọ̀ sí pé wọ́n ti yọ yín kúrò. Ibi tó bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí oníbàárà rẹ̀ kan fi pè é, ó sì sáré lọ.

Ọmọ mi, n kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n ń pè ní lílé ọmọ jáde nílé ìwé. Mo ti ṣe àga fún ilé ìwé rí, mo sì rí bàbá kan níbẹ̀ tó wá bẹ̀bẹ̀ nígbà tí wọ́n ti gbé àpótí ọmọ rẹ̀ sẹ́nu géètì. Ọkùnrin náà dúró ti àpótí yẹn bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Mo sọ fún ìyá rẹ pé wọn kò ní gbé àpótí tìrẹ síta láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ la ẹnu mi. Ó ní kí n lọ. Ó lọ aṣọ aláwọ̀ eérú tó rán fún mi, ó sì wá bọ́tìnnì tó ti já lára rẹ̀, ó rán an mọ́ ọn.

Wáyà ti sọ pé tírélà náà ti kúrò lọ́dọ̀ yín, pé ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní ìlú òdìkejì odò ló dúró sí, àti pé ibẹ̀ ni gbogbo àwọn ọ̀gá ìdíje náà wà. Mo ní ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n lọ. Èèyàn kì í sì í lọ bẹ àgbà lọ́wọ́ òfo, nítorí náà mo gbé àpótí ìjókòó kan tí mo fi igi líle ṣe, tí mo dán títí tó ń kọ mọ̀nà, mo gbé e rù, mo sì wọkọ̀.

Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì bi mí pé ṣé òṣèré ni mí àbí òǹwòran. Mo ní bàbá ni mí. Ó wo àpótí tó wà lórí mi, ó ní kí n máa wọlé.

Mo wọ gbọ̀ngàn náà. Mo ti rí ọ̀pọ̀ yàrá láyé, ṣùgbọ́n n kò rí irú rẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo gbogbo fèrèsé lójú ọ̀sán gangan. Okùn iná oríṣiríṣi nà sílẹ̀, wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ ẹ́ mọ́ sìmẹ́ǹtì kó má baà gbé èèyàn ṣubú. Àwọn àga wọn fẹ̀yìn tì bí àga ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀. Tábìlì wọn kì í ṣe igi, ọmọ mi, lẹ́búlẹ́bú pákó ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, wọ́n wá fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká. Ẹsẹ̀ ọ̀kan ń mì, omi tó wà nínú ife ọmọ tó jókòó síbẹ̀ ń mì pẹ̀lú rẹ̀. Mo ká páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ náà kí n tó kọjá. Gbogbo wọn ni wọ́n fi nǹkan dúdú bo etí. Mo rò pé nítorí èébú ni, kí ọmọ má baà gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń sọ sí i, mo sì ní ìyẹn dára.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà bi mí pé orúkọ wo ni mò ń jẹ́ nínú eré. Mo ní èmi kì í ṣeré. Ó ní orúkọ tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí ni òun ń bèèrè. Mo ní Gúnrégé, nítorí ìwọ náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi ń pè mí. Ó tẹ̀ ẹ́ sára káàdì kan, ó fi kọ́ mi lọ́rùn, ó ní kí n jókòó, pé wọ́n máa pè mí. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ẹni tó tọ́ ọ kò ṣe iṣẹ́ lásán.

Kò pẹ́ ni ohùn kan ń dún láti òkè àjà pé kí Gúnrégé wá. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní wọ́n ti gbọ́ nípa ẹjọ́ mi. Ẹnì kan mú mi lọ jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga yẹn, ó fi nǹkan dúdú náà bo etí mi, igi tín-ín-rín kan sì tẹ̀ wá síwájú ẹnu mi láti ara rẹ̀. Mo wo iwájú. Mo rí ọkùnrin kan nínú gíláàsì, ó wọ ẹ̀wù tó níyì, ó dúró sórí koríko, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo ní ọ̀gá náà nìyí. Mo kí i, kò yíjú. Mo tún kí i, mo sọ ibi tí mo ti wá, ó ń mí lásán ni, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè ń bọ̀ nílẹ̀, kò wò mí. Mo rò ó pé inú ń bí i gidigidi. Mo dìde lórí àga yẹn, mo kúnlẹ̀ sílẹ̀, mo gbé àpótí ìjókòó náà síwájú rẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀. Màá kọ ohun tí mo sọ síbí bí mo ṣe sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ fún ọ lọ́nà mìíràn.

Mo ní, “Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ yíjú sí mi. Èmi ni bàbá ọmọ tí ẹ lé jáde. N kò mọ ohun tó ṣe. Bó bá bú èèyàn, èmi ni kí ẹ bá wí, èmi ló kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ. Bó bá sì jẹ́ pé kò mọ eré ṣe, ẹ̀bi mi náà ni, iṣẹ́ ni mo fi ń dí i lọ́wọ́ láti kékeré. Ẹ má gbé àpótí rẹ̀ síta.”

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ohùn ara mi láti òkè. Ohun tí mo rò pé mò ń sọ sí ọ̀gá náà létí, gbogbo gbọ̀ngàn ló ń gbọ́ ọ. Àwọn kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà kú. Àwọn ọmọ tó ń ta ayò wọn níbẹ̀ ṣí etí wọn, wọ́n yíjú sí mi. Ọkùnrin inú gíláàsì nìkan ni kò yíjú.

Obìnrin kan ló wá gbé mi dìde. Òun ni alámòójútó ìdíje náà, àgbàlagbà obìnrin tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ní, Bàbá, ẹ dìde, kò sí ẹni tó ń bínú síbí. Ó mú mi lọ sẹ́yìn tírélà, ó fún mi lómi, ó fi mí jókòó sórí àga rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí tí mo gbé wá. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé ilé ẹ̀kọ́ yín kò lé ọ, pé wọn kò tilẹ̀ mọ̀ sí i, pé ẹ kàn pàdánù nínú eré ni. Mo bi í pé ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Ó ní lójú tèmi ó lè má ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan kékeré lójú rẹ. Ó ní ṣé mo fẹ́ rí i. Mo ní wọ́n ti ṣe é tán, báwo ni màá ṣe rí i. Ó tẹ nǹkan kan, ọjọ́ tó ti kọjá sì padà wá sójú gíláàsì.

Ọmọ mi, mo rí ọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ní kì í ṣe ìwọ gan-an, pé àwòrán tí ìka rẹ ń darí ni, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ ni. Ìwọ lo wọ ẹ̀wù ọsàn. Afárá gígùn kan wà lórí omi dúdú, àwọn mẹ́ta nínú yín ti kọjá, ìwọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, ẹnì kan ló kù lẹ́yìn. Alámòójútó ní ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ yín ni, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Wọ́n yin ín níbọn láàárín afárá, ó ṣubú. O dúró. Mo rí i pé o dúró. Àwọn tó ti kọjá ń fò sókè ń ju ọwọ́ pé kí o máa bọ̀. O yíjú padà, o sáré lọ bá a láàárín ìbọn, o kúnlẹ̀ tì í, o gbé ọwọ́ lé e láyà. Ó dìde, ó sáré kọjá. Ìwọ kò kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tó wà ní òpin afárá ṣe tì, tí ikọ̀ kejì sì borí.

Mo bi alámòójútó pé kí ni òfin eré náà sọ, ṣé dandan ni kéèyàn padà fún ẹni tó ṣubú. Ó ní kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá ṣubú ṣeé fi sílẹ̀, kò sì sí ìyà kankan níbẹ̀, àwọn tó ṣì dúró nìkan ló gbọ́dọ̀ wọlé tán kí ẹnu ọ̀nà tó tì. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un ṣe kí n rí i. Ó tún un ṣe. Mo wò ó títí ojú mi fi ṣú.

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó gbọ́ fún mi. Ó ní bí ẹ ṣe dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ọmọkùnrin tó jẹ́ olórí ikọ̀ yín sọ fún ọ lójú gbogbo èèyàn pé o ti ba iṣẹ́ gbogbo yín jẹ́, kí o kúkú padà sí abúlé tí o ti wá. Ó ní o kò fèsì, o kó ẹrù rẹ, o jáde, láti ìgbà náà kò sì sí ẹni tó rí ọ bá sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ló yé mi ìdí tí obìnrin inú fóònù fi ń sọ pé o kò sí nítòsí. Inú bí mi sí ọmọkùnrin náà, n kò ní purọ́ fún ọ. Bó bá wà nítòsí, bóyá màá ti sọ ohun tí kò yẹ kí àgbà sọ. Lẹ́yìn ìbínú, ohun mìíràn wọ inú mi tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ń rò ó pé ọmọ mi wà nínú yàrá kan, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń rò pé ohun tó dára jù lọ tó ṣe láyé rẹ̀ ni àṣìṣe.

Alámòójútó ní ọ̀nà kan ṣì wà. Àwọn ikọ̀ tó pàdánù ní àǹfààní láti padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìlú tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ Sátidé, bí ẹ bá pé márùn-ún. Ó ní òun máa kàn sí olórí ikọ̀ yín, kó lọ wá ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín pé mo wá. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní bí ọmọ mi bá wá nítorí pé bàbá rẹ̀ kúnlẹ̀, kò ní jẹ́ òun ló wá. Ó mi orí, ó ní òun gbọ́. Ó ní òun kò lè pàṣẹ fún gbogbo gbọ̀ngàn pé kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́, ṣùgbọ́n òun máa bẹ̀ wọ́n. N kò mọ bó ṣe ṣe é.

Mo délé, mo ròyìn fún ìyá rẹ. Ó bèèrè pé ọmọbìnrin tí o gbé dìde yẹn, ṣé ó dúpẹ́. Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kò burú, pé òun kàn ń bèèrè ni. Ó tún ń wa máṣíìnì rẹ̀ lọ, ó wá dá ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀, ó ní a jọ máa lọ ní Sátidé. Mo ní orúnkún rẹ̀ ńkọ́. Ó ní orúnkún òun kọ́ ló bí ọ.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe wá, ọmọ mi. O kò rí wa. A jókòó sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tọ́jú iná, ìyá rẹ sì fi ìborùn bo orí torí ó ní o máa dá òun mọ̀ bí o bá wẹ̀yìn. Àwọn ikọ̀ ń wọlé, tiyín kò dé. Ìyá rẹ ń ka bọ́tìnnì aṣọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan láìwò ó. Nígbà tó yá, olórí ikọ̀ yín wọlé, àwọn méjì tẹ̀ lé e, ìwọ àti ọmọbìnrin kékeré tí o gbé dìde yẹn lẹ kẹ́yìn, ẹ jọ ń rìn pọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín yín kó tó di ọjọ́ yẹn, ta ló wá kàn ọ́ nílẹ̀kùn, kí ló sọ, kí lo dá a lóhùn, èmi kò mọ̀, n kò sì ní bèèrè. O ti gbẹ sí i. Aṣọ rẹ mọ́.

Ẹ jókòó, ẹ bo etí yín, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ ń gbàdúrà fún yín, ó sì ń gbàdúrà fún àwọn tí ẹ ń bá jà náà, nítorí ó ní àwọn náà ní ìyá. Mo sọ fún un pé àdúrà méjèèjì ò lè gbà pọ̀. Ó ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Afárá yẹn náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí ìwọ lo kọ́kọ́ kọjá, àwọn mẹ́ta tẹ̀ lé ọ, ẹ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ ń retí ẹnì kan ṣoṣo. Olórí ikọ̀ yín ló kù. Ó ń sáré bọ̀, wọ́n yin ín níbọn, ó ṣubú síbi tí ọmọbìnrin yẹn ṣubú sí níjelòó. Ẹnu ọ̀nà wà ní ṣíṣí fún ọ, ohun tó kù kò ju kí o wọlé lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni láyé yìí tó máa dá ọ lẹ́bi, èmi gan-an kò ní dá ọ lẹ́bi. Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ, ohun tí mo ń sọ nínú mi ni pé máa lọ, ọmọ mi, wọlé.

O yíjú padà.

N kò mọ bí màá ṣe kọ ohun tó tẹ̀ lé e kó lè rí bó ṣe rí lójú mi. O sáré lọ bá a. O kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí ọmọbìnrin kékeré yẹn fi yíjú padà, ó sáré tẹ̀ lé ọ. Àwọn méjì tó kù dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ara wọn, àwọn náà sì yíjú padà. Gbogbo yín lẹ wà lórí afárá yẹn yí ọmọkùnrin náà ká, tí ẹ ń fi ara yín bò ó, ìbọn sì ń bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì. Ẹ ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ lo kẹ́yìn. Ẹnu ọ̀nà tì. Wọ́n tún borí yín.

Ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú. Kò fòyà lọ́tẹ̀ yìí, ó ti mọ̀ pé ẹ máa jí.

Ẹ ṣí etí yín, ẹ dìde. Igi tín-ín-rín yẹn ṣì wà lẹ́nu olórí ikọ̀ yín, bóyá ó gbàgbé ni, nítorí náà gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ fún ọ. Ó rọra sọ ọ́ ni, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́.

Ó ní, “Mo rò pé o máa fi mí sílẹ̀.”

Ìwọ ní, “Èmi náà rò bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ mi, mo ti ń fi pákó kan pákó láti ìgbà èwe mi, mo ti ṣe ibùsùn tí wọ́n bí ọmọ sí, mo ti ṣe pósí, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ gbólóhùn méjì tó wọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọkùnrin náà tẹ orí ba fún ọ. Ọmọbìnrin kékeré yẹn so mọ́ ọ lọ́rùn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó borí yín dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Mo fẹ́ dìde, mo fẹ́ pe orúkọ rẹ látẹ̀yìn, mo fẹ́ kí gbogbo wọn mọ̀ pé èmi ni mo ni ọ́. Ìyá rẹ fà mí ní aṣọ. Ó ní ká jẹ́ kí o wà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ, pé ohun tí a wá wò, a ti rí i. A bá jáde. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, ó ní ọmọ náà kò jọ òun, kò jọ èmi. Mo ní ta ló wá jọ. Ó ní ara rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìwé. N kò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn pé bàbá rẹ kúnlẹ̀ níwájú àwòrán, kí ojú wá tì ọ́. Bí ojú bá tì ọ́, má bínú sí mi. Ṣùgbọ́n èmi kò kábàámọ̀ rẹ̀, nítorí bí n kò bá kúnlẹ̀ níbẹ̀, n kò ní mọ irú èèyàn tí o jẹ́. N kò sọ ọ́ fún ọ lọ́jọ́ tí o wá ròyìn ìdíje náà nílé, jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí: inú mi dùn sí ọ. N kò tíì mọ ohun tí géèmù jẹ́. Ìwọ ni mo mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó díẹ̀ ló kù, má bínú. Bí nǹkan bá wọlé fún ọ, bó ti wù kó kéré tó, bá mi ra awò ojú. Nígbà tí a jókòó sẹ́yìn yẹn, mo rí ẹ̀wù rẹ, mo rí ọwọ́ rẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ gan-an ń ṣe bàìbàì sí mi, ìyá rẹ ló ń sọ fún mi bó ṣe rí, mo sì fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Ìyá rẹ ní kí o má gbàgbé ìpara orúnkún òun, èyí tó gbóná, kì í ṣe èyí tó tutù. Bí kò bá sí, kò sí. Sáà máa jẹun. Gbé fóònù rẹ pẹ̀lú, kí a yé yọ obìnrin yẹn lẹ́nu.

Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ ní ìjókòó àti ní ìdìde. Ìwé tí o ń kà á wọ̀ ọ́ lórí, iṣẹ́ tí o bá fọwọ́ kàn á dúró. O kò ní ṣubú. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí ẹsẹ̀ bá yẹ̀ ọ́ níbi tí èmi àti ìyá rẹ kò lè dé, kí ẹnì kan wà níwájú tó máa gbọ́, tó máa dúró, tó máa yíjú padà nítorí tìrẹ.

Bàbá rẹ, tó ń bá ìyá rẹ kí ọ.